Ẹsẹ̀ Tí Ó Ti Farapa àti Marathon Àkọ́kọ́: Bí A Ṣe Ń Padà Sí Eré Sísá Láìtún Ṣèṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó ń múra láti sá eré ìje Marathon fún ìgbà àkọ́kọ́ mu, pàápàá bí ó bá ti farapa nígbà tí ó ń dánra wò. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń san, ọjọ́ ìdíje nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń wò. Ẹni tí kò bá sì wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó gbé e ṣubú, ó ṣeé ṣe kí ohun kan náà tún gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Ní Orozo, ìlú kan ní abẹ́ Ìgbìmọ̀ Agbègbè Ìlú Abuja, AMAC, lójú ọ̀nà tí ó gba Karu àti Jikwoyi lọ sí Karshi, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí àárín ìlú yóò ti máa tò lé ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jí ṣáájú wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí lónìí. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 tí a ti kọ́kọ́ sá Lagos City Marathon, èyí tí Abraham Kiptum ará Kenya gba ipò kìn-ín-ní nínú rẹ̀, oṣù Kejì ọdọọdún ti di àsìkò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń dán ara wọn wò lórí ọ̀nà jíjìn.

Jíjìn ọ̀nà náà kì í ṣe kékeré. Kílómítà 42 àti mítà 195 ni. Bí a bá fẹ́ sá a lórí pápá ìṣeré tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ 400 mítà, a ó yí pápá náà ká ní ìgbà 105, a ó sì tún fi ìdajì lé e. Ara tí kò tíì ní àbùkù ń fẹ́ oṣù púpọ̀ kí ó tó lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí ni kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san wá ṣe?

Èémí A Máa Yára Padà, Eegun A Máa Pẹ́

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn rò pé bí ìrora bá ti lọ, ìwòsàn ti parí. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ni ó ní àsìkò tirẹ̀. Ẹran ara tí ó fà díẹ̀ lè san láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Eegun tí ó sán sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ó tó so, òmíràn a sì máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan líle tí ó so ẹran ara mọ́ eegun, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, lè gba oṣù 3 sí 6, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ibẹ̀ kò pọ̀.

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, agbára wọn a máa dínkù bí a bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ṣùgbọ́n bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kì í pẹ́ kí púpọ̀ nínú agbára náà tó padà. Níbí gan-an ni ìdẹkùn wà. Ẹni tí ó ń padà bọ̀ yóò rí i pé èémí òun ń já geere, ara òun sì yá gágá, yóò sì rò pé òun lè sá kílómítà 10 bí ti àtẹ̀yìnwá. Eegun ojúgun àti iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì bá èémí náà dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìfarapa ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó ń ti ibẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ẹrù náà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré bá kan ilẹ̀, agbára tí ilẹ̀ fi ń ta ẹsẹ̀ náà padà tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn kílógíráàmù 70 ń gbé ẹrù tí ó tó 140 sí 210 ka orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ìṣísẹ̀ kan bá jẹ́ mítà 1, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí ó lé ní 42,000 kí ó tó dé òpin Marathon. Eegun máa ń le sí i bí a bá ń gbé ẹrù lé e díẹ̀díẹ̀ tí a sì ń fún un ní ìsinmi. Bí ẹrù bá ti ń yára ju ìsinmi lọ, yóò sán.

Àwọn Ìfarapa Tí Ó Wọ́pọ̀

Láàárín àwọn tí ń sá ọ̀nà jíjìn, ibi tí ìrora ti wọ́pọ̀ ni orúnkún, ojúgun, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìrora orúnkún a máa pọ̀ sí i bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tàbí bí a bá jókòó pẹ́. Ìrora àtẹ́lẹsẹ̀ a máa mú ènìyàn jù lọ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀. Iṣan gìgísẹ̀ a máa le gan-an láàárọ̀, yóò sì dẹ̀ díẹ̀ bí a bá ti ń rìn.

Èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù ni eegun tí ó sán. Ìrora rẹ̀ kì í tàn káàkiri. Ojú kan ni ó máa ń wà, tí ènìyàn lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí. Bí a bá ń sáré, yóò máa le sí i. Bí ó bá sì burú, yóò máa dunni ní òru nígbà tí a bá dùbúlẹ̀. Àwòrán X-ray lè má fi í hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, bí oríkèé bá wú lójijì, bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, bí ìrora bá wà ní ìbàdí tàbí ìpìlẹ̀ itan, tàbí bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ró páà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Àwọn tí ń gbé ní Orozo ní ilé ìwòsàn gbogboogbò Karshi ní apá kan àti ti Nyanya ní apá kejì. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí wọ́n sì béèrè bí wọn yóò ṣe rí oníṣègùn físíò.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó mọ ẹni tí ń to eegun ní àdúgbò, ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀ sì ti pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní Nàìjíríà ti ṣe ìtọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn tí wọ́n di igi mọ́ ẹsẹ̀ wọn pinpin débi pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà rìn mọ́, tí ẹsẹ̀ náà kú, tí wọ́n sì ní láti gé e. Bákan náà, kò yẹ kí a máa fi òróró gbígbóná tàbí robb wọ́ ojú ibi tí eegun ti sán. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe yín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn Akọni Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Fara Wé Pátápátá

Ìtàn Marathon kún fún àwọn tí wọ́n padà bọ̀ láti inú àìsàn. Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Rome ní ọdún 1960 láìwọ bàtà, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìdíje Tokyo ti ọdún 1964. Síbẹ̀, ó tún gba wúrà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Joan Benoit, ará Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ní oṣù Kẹrin ọdún 1984. Lẹ́yìn ọjọ́ 17, ó borí nínú ìdíje tí wọ́n fi yan àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì gba wúrà Marathon àkọ́kọ́ ti àwọn obìnrin ní Olympics Los Angeles ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn.

Ìtàn wọ̀nyí ń múni lórí yá, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì ti fi kó agbára sínú eegun àti iṣan wọn kí àìsàn tó dé, àwọn oníṣègùn àti olùkọ́ni sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tí kò tíì sá Marathon rí kò ní irú àpò ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún Benoit lè gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ Yẹ Ọkàn Wò Pẹ̀lú Ẹsẹ̀

Àsìkò ìfarapa tún jẹ́ àǹfààní láti yẹ ara wò yíká. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji, ẹni ọdún 25, ṣubú lórí pápá National Stadium ní Surulere nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola, ó sì gba ibẹ̀ kú. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Iwájú pápá ìṣeré yẹn kan náà ni Lagos City Marathon ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016.

Ti Nwankwo Kanu yàtọ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní ọdún 1996, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹgbẹ́ Inter Milan, ni ó fi àléébù tí ó wà lára ọkàn rẹ̀ hàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sórí pápá ní ọdún 1997.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí àyà bá ti dùn yín rí nígbà eré, bí òòyì bá ti gbé yín ṣubú, tàbí bí ẹnìkan nínú ẹbí yín bá ti kú lójijì ní kékeré. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lè sáré, ṣùgbọ́n kí ó yẹra fún ooru líle, òùngbẹ àti àṣejù. Bí obìnrin tí ń dánra wò bá rí i pé nǹkan oṣù òun dáwọ́ dúró láìlóyún, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ tí ó ń jẹ kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, eegun rẹ̀ sì wà nínú ewu.

Ìgbésẹ̀ Láti Padà

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni ìrìn. Bí ẹ bá lè rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ìrora, tí ọjọ́ kejì náà sì lọ láìsí ìrora, ẹ lè lọ sí ìdánwò tí ó kàn. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ tí ó ti farapa nìkan, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè ní ìgbà 20. Ẹ tún fi ẹsẹ̀ náà tọ ní ìgbà 10. Bí èyí bá dunni, tàbí bí agbára ẹsẹ̀ náà kò bá tó ti èkejì, àsìkò kò tíì tó.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a pa eré pọ̀ mọ́ ìrìn. Ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 4, kí ẹ ṣe é ní ìgbà 6. Ẹ ṣe èyí ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín wọn. Díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi kún eré kí ẹ sì máa dín ìrìn kù, títí ẹ ó fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 láìdúró. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 8 sílẹ̀ fún ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí a fi jíjìn kún un. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún eré gígùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kílómítà 6, kí ẹ máa fi 2 kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí kan ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara lè sinmi. Báyìí ni yóò ṣe rí: 6, 8, 10, lẹ́yìn náà ìsinmi; 12, 14, 16, lẹ́yìn náà ìsinmi. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó dé kílómítà 30 ní ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún. Bí ara bá ráhùn, ẹ tún ọ̀sẹ̀ kan náà ṣe. Eré àwọn ọjọ́ yòókù kò gbọ́dọ̀ gùn, ó sì yẹ kí ó lọ́ra débi tí ẹ fi lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ọ̀sẹ̀ 3 tí ó kẹ́yìn, nígbà tí a ó dín eré kù kí ara lè kó agbára jọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 28. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún tí ó ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kọkànlá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ san, kí ó fi ọkàn sí ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Bí A Ṣe Ń Wọn Ìrora

Àwọn oníṣègùn físíò sábà máa ń lo òṣùwọ̀n láti 0 dé 10. Bí ìrora bá wà láàárín 0 sí 3, ẹ lè máa bá eré lọ. Bí ó bá di 4 tàbí 5, ẹ dín in kù. Bí ó bá ju 5 lọ, ẹ dúró. Òfin méjì ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀: ìrora náà gbọ́dọ̀ ti rọlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ máa tiro. Tí ẹ bá ti ń tiro, eré ọjọ́ náà ti parí. Fún eegun tí ó sán, òṣùwọ̀n yìí kò sí. Ìrora èyíkéyìí níbẹ̀ túmọ̀ sí pé kí a dúró.

Ẹ má ṣe lo oògùn ìrora kí ẹ lè sáré. Oògùn bí ibuprofen ń bo ìkìlọ̀ tí ara ń ṣe mọ́lẹ̀, ó sì lè pa kíndìnrín lára bí a bá lò ó nígbà tí omi ti dínkù nínú ara lórí ọ̀nà jíjìn.

Mímú iṣan le ṣe pàtàkì tó eré fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1998, Håkan Alfredson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden gbé ìdánrawò kan jáde fún iṣan gìgísẹ̀ tí ń dunni fún ìgbà pípẹ́. Ẹni náà yóò dúró sí etí àtẹ̀gùn, yóò sì máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìgbà 15, ní ìpele 3, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Àtẹ̀gùn ilé ti tó. Ẹni tí iṣan rẹ̀ já kò gbọ́dọ̀ ṣe é láìrí dókítà.

Ọ̀nà, Ooru àti Omi

Ní Orozo àti irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ máa sáré ní apá òsì ọ̀nà kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ àti ọ̀kadà tí ń bọ̀ níwájú yín, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà eléruku tí ó tẹ́jú kò le tó ọ̀dà, ṣùgbọ́n kòtò àti òkúta lè mú kókósẹ̀ rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra bàtà òkìríkà, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá ti le gbagidi tàbí tí apá kan rẹ̀ ti jẹ tán, kì í ṣe bàtà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ san.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ará Abuja kì í rò. Oṣù Kejìlá àti Kìn-ín-ní jẹ́ àsìkò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbẹ, òórùn ara ń tètè gbẹ, àárọ̀ sì tutù. Ní Èkó, ẹ̀bá òkun ni. Afẹ́fẹ́ tutù fún omi, òógùn kì í tètè gbẹ lára, ara a sì máa gbóná. Ara ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kí ó tó mọ́ra pẹ̀lú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Èkó ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdíje kò gbọ́dọ̀ retí pé òun yóò sá a bí òun ti ń sá ní Orozo. Kí ó rọra bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ikọ́ fée ń ṣe kò sì gbọ́dọ̀ sáré nínú eruku ọyẹ́ láìmú oògùn wọn lọ́wọ́.

Ní ti omi, òùngbẹ ni kí ó jẹ́ atọ́nà. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 lórí àwọn 488 tí wọ́n sá Boston Marathon ti ọdún 2002 fi hàn pé ìdá 13 nínú 100 wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, mímu omi ní àmujù sì wà lára ohun tí ó fà á. Orí fífọ́, èébì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn jẹ́ àmì rẹ̀, ó sì lè pani.

Oúnjẹ tí ń tún eegun àti iṣan ṣe kò jìnnà sí wa: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja tí a lè jẹ teegunteegun, wàrà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà. Oorun wákàtí 7 sí 9 lálẹ́ náà jẹ́ oògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn fún ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń dá dúró lójú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí oorun kò bá tó, ẹ dín eré ọjọ́ kejì kù.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìdíje kò ní sá lọ. Ọdọọdún ni oṣù Kejì ń padà wá. Bí ọjọ́ bá kù díẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà sì ń dunni lójú kan, tàbí tí ẹ kò tíì lè sá ju ìdajì ọ̀nà náà lọ, ẹ sún un síwájú láìtijú. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì wo bí ẹsẹ̀ yóò ti rí ní ọ̀túnla.